Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Kumasi àti Ìṣòro Iṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Àwọn ọmọ Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, tí wọ́n wọṣẹ́ ológun fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lé ní 65,000. Àwọn kan nínú wọn bá àwọn ará Ítálì jà ní Etiópíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn la igbó Bọ́mà kọjá. Kumasi, olú-ìlú Aṣáńtì, mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi sí ìlú náà, bárékè rẹ̀ sì ń jẹ́ Uaddara títí di òní, orúkọ ibi tí àwọn ọmọ Gold Coast ti jà ní Etiópíà ní 1941.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá wọn padà sílé. Púpọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ará Àríwá, kò kàwé. Àgbẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó lọ, oko ni wọ́n sì padà sí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ nínú ogun ló le jù. Ogun ti sọ ọmọ àgbẹ̀ di awakọ̀, ti sọ òmíràn di mẹkáníìkì, akọ̀wé tàbí ẹni tó ń fi wáyálẹ̀sì ránṣẹ́. Ta ni yóò fẹ́ gbé ọkọ́ mọ́ nínú wọn? Ìlú ńlá bíi Kumasi ni wọ́n ń wá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tí ogun kọ́ pọ̀ ju ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ. Ọjà òkè òkun wọ́n, ó sì gbówó lórí, tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí ọmọ ogun gbà nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ fi tán kíákíá. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ará Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn tí bàbá rẹ̀ ti Bọ́mà bọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, 28 oṣù Kejì, 1948, nǹkan bí 2,000 ajagunfẹ̀yìntì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Accra láti mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún Gómìnà, Gerald Creasy. Wọn kò gbé ìbọn dání. Owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́ wà lára ohun tó ń dùn wọ́n jù. Wọ́n yà kúrò ní ọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n kọrí sí ààfin Christiansborg. Ní oríta tó wà nítòsí ibẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Colin Imray, yìnbọn lù wọ́n. Mẹ́ta kú: Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe àti Odartey Lamptey.

Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì pẹ́ tó fi dé Kumasi. Èèyàn 29 ló kú lápapọ̀, àwọn tó fara pa sì ju 200 lọ. Ìjọba mú aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́fà, Kwame Nkrumah àti J. B. Danquah wà lára wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ tì wọ́n mọ́lé ní Kumasi. Nígbà tí ìjọba gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Aṣáńtì ń gbèrò láti wá tú wọn sílẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Àríwá.

Ìgbìmọ̀ Watson, tó wádìí ọ̀ràn náà, ka àìbalẹ̀ ọkàn àwọn ọmọ ogun tó ti òkè òkun dé mọ́ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń ka ọjọ́ náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò òmìnira tó dé ní 1957. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn a máa tètè fo ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kọjá. Àwọn tó gbé e lọ́wọ́ kì í ṣe olóṣèlú. Jíjẹ àti mímu ìdílé wọn ni wọ́n ń rò.

Lónìí, odi Kumasi ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun, ohun tí wọ́n kó bọ̀ láti Bọ́mà sì wà níbẹ̀. Ní Suame, ní ìlú kan náà, ni ọgbà iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì tó gbajúmọ̀ jù ní Gánà wà. Magazine ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ilé tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà sí ni àwọn oníṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ pàtẹ irinṣẹ́ wọn.