Owó Ẹnu Ọ̀nà

Ní ọdún 1964, bí Hubert Ogunde bá fẹ́ ṣeré ní Yábàá, kò sófin tó dí i lọ́wọ́. Bó bá wọ Mùṣín, ó ti rú òfin. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Lábẹ́ ìjọba yẹn ni Mùṣín wà nígbà náà, ti ìjọba àpapọ̀ sì ni Yábàá àti Sùúrùlérè. Ó di 1967 kí wọ́n tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ òṣèlú làwọn èèyàn máa ń ka ìtàn yìí sí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó ti àpótí owó ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Mùṣín lẹ́yìn náà, ìlú ni mo máa ń kà: Ìbàdàn, Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Oǹdó, Adó-Èkìtì. Gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ ọn títí di 1966. Ibẹ̀ gan-an sì lowó wà.

Owó ẹnu ọ̀nà là ń jẹ. Kò sówó oṣù. Nígbà tí Ogunde ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Glover Hall lọ́dún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta ló ni owó tó wọlé. Ilé ìjọsìn ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sọ eré di oúnjẹ òòjọ́. Wàhálà rẹ̀ ni àwọn obìnrin. Ìdílé wo ló fẹ́ kọ́mọ òun máa bá òṣèré rìnrìn àjò? Èyí tó bá sì gbà láti wá, bó bá ti rí ọkọ, ó di kó lọ. Ogunde bá kúkú ń fẹ́ wọn. Àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ti ṣírò owó ẹgbẹ́ rí kò lè rẹ́rìn-ín: owó tó yẹ kó jáde nílé ló ń padà sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní tiwa, kí owó tó dọ́wọ́ òṣèré, á ti ya epo bọ́ọ̀sì, á ti ya owó gbọ̀ngàn, á ti ya pósítà àti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá á mú tirẹ̀, torí òun ló ra bọ́ọ̀sì, òun náà ló jẹ gbèsè rẹ̀. Àwọn yòókù á jẹun, wọ́n á sùn sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á gba owó ọṣẹ. Àwọn tí gbogbo ayé ń rí nínú Atọ́ka, ìwé eré alàwòrán, àti lórí tẹlifíṣàn nìyẹn o! Tẹlifíṣàn náà kì í sanwó gidi, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n bá ti rí níbẹ̀ lèrò máa ń sanwó wá wò. Mo tún gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tí kì í sanwó: ṣọ́jà, àwọn ẹbí onígbọ̀ngàn, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ ìyá ọ̀gá lòun. Ìyá ọ̀gá bímọ!

Nígbà tí sinimá dé, Àjàní Ògún lọ́dún 1976, Ayé ti Ogunde lọ́dún 1979, ẹnu ọ̀nà náà ló tẹ̀ lé wa. Ọ̀gá tó bá ṣe fíìmù máa ń gbé róòlù rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀, á dúró ti géètì títí èèyàn ìkẹyìn á fi wọlé. Bó bá dọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, National Theatre ní Ìgànmú kì í gbèrò.

Káṣẹ́ẹ̀tì fídíò ló bà á jẹ́. Mósès Ọláìyá, Bàbá Sàlá, yáwó ṣe Ọ̀run Mooru lọ́dún 1982. Kó tó jèrè rẹ̀, àwọn olè ti dà á kọ sí káṣẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù ń wò ó nínú pálọ̀. Ta lo fẹ́ dúró tì ní pálọ̀? Gbèsè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó òyìnbó tí wọ́n fi ń ra fíìmù kọjá agbára wa. Fídíò tó lé wa jáde náà la padà sá sí. Kenneth Nnebue tó gbé Living in Bondage jáde lọ́dún 1992 ti kọ́kọ́ ṣe fídíò Yorùbá, Ajé Ni Ìyá Mi, pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Àwọn mákẹ́tà tó ń ta fídíò ní Ìdúmọ̀tà ló wá ni géètì. Òṣèré di ẹni tí wọ́n ń pè fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Láàárín àwọn òṣèré fúnra wọn, wọn kì í tilẹ̀ gbowó: bá mi ṣe tèmi, n ó bá ọ ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá ṣàìsàn tí kò lè bá ẹnì kankan ṣe mọ́, a mọ bí tirẹ̀ ṣe máa ń já sí.

Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ti ń ṣí YouTube tiwọn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní Sùúrùlérè pé ta ló ń bá a ka owó tó ń wọlé. Ó ní, “Bàbá, ìyàwó mi ni.”