Ta ló ni bánjò? Ìtàn àwo orin kan tí mi ò lè pa

1/ Àwo orin kan ló ń kọ lórí fóònù mi láti ìjẹta: Genuine Negro Jig, ti ẹgbẹ́ Carolina Chocolate Drops, 2010. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé gbọ́ ọ, ó ní, "Ìwọ yìí, orin òyìnbó darandaran lo tún kó wálé!" Mo ní kó jókòó. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó.

2/ Ẹ rántí Texas Hold 'Em tí Beyoncé gbé jáde ní 2024, àbí? Rhiannon Giddens ló ta bánjò inú ẹ̀. Òun, Dom Flemons àti Justin Robinson ló dá ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí sílẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

3/ Bánjò kì í ṣe ti òyìnbó láti ilẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà ló kọ́kọ́ ṣe é lókè òkun: akèrègbè, awọ tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀, igi gígùn, okùn. Àwọn Jola ní Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà ṣì ń ta akonting, tó jọ ọ́ bí ìbejì. Kódà, okùn kúkúrú tí àtàǹpàkò ń ta wà lára àwọn méjèèjì.

4/ Báwo ló ṣe wá bọ́ lọ́wọ́ wa? Ní nǹkan bí 1840, àwọn òyìnbó aláwàdà ń kun ojú wọn dúdú, wọ́n ń gbé bánjò, wọ́n ń fi àwọn ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun èlò wá di ohun ìtìjú fún ẹni tó ni ín. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo pín ọjà sí méjì: "race" fún dúdú, "hillbilly" fún òyìnbó. Dúdú tó ń ta bánjò? Díẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀.

5/ Bluegrass fúnra ẹ̀ ńkọ́? Bill Monroe ará Kentucky ni wọ́n ń pè ní bàbá ẹ̀. Àmọ́ Monroe fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ Arnold Shultz, ọkùnrin dúdú kan tó mọ jìtá ta gan-an. Ta ló mọ Shultz lónìí?

6/ Ní 2005, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yìí pàdé níbi àpéjọ àwọn dúdú tó ń ta bánjò, ní Boone, North Carolina. Bí wọ́n ṣe rí Baba Joe Thompson nìyẹn. Baba ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń ta fáólíìnì, àbúrò gòjé, bí àwọn ẹbí wọn ṣe ń ta á látijọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ yìí ń lọ sílé wọn ní Mebane. Baba á ta á, àwọn á tẹ̀ lé e.

7/ Ibẹ̀ ni àwo yìí ti wá. Orin àtijọ́ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n Hit 'Em Up Style ti Blu Cantrell náà wà ńbẹ̀, pẹ̀lú fáólíìnì àti ẹni tó ń fi ẹnu lùlù! Orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ wà nínú ìwé Dan Emmett, òyìnbó aláwàdà. Wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ ìdílé Snowden, àwọn dúdú ará Ohio, ló ti kọ́ ọ, wọ́n bá pè é ní Snowden's Jig. Wọ́n dá orúkọ padà fólórúkọ. Àwo náà gba Grammy ní 2011. Baba Thompson kú ní 2012.

8/ Ẹ má wá sọ pé Yorùbá ló ni bánjò o! Ṣùgbọ́n àwọn olórin jùjú àkọ́kọ́ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, irú Tunde King, lo bánjò. Ọmọ tó sọnù ti ń wálé tipẹ́, a ò kàn dá a mọ̀ ni.

9/ Màmá àgbà mi mọ orin ìyàwó tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì rí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń sọ pé màá gbà á sílẹ̀ "tí mo bá ráyè". Tiwọn ni Ọjọ́bọ̀. Èmi ti mú Sátidé.

10/ Ọ̀rẹ́ mi ti ń mi orí. Ó ní kí n fi àwo náà ránṣẹ́ sóun.