Bààlúù Ẹ̀yìnkùlé ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Ìtàn tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìtàn bààlúù kékeré, irú èyí tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìkọ̀lé ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, fi ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ìpaò, ní agbègbè Ìkọ̀lé kan náà, ni Olúṣèyí Petinrin ti wá, ẹni tí ó di olórí àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú ilẹ̀ wa ní ọdún 2008, tí ó sì di olórí gbogbo àwọn ológun ní ọdún 2010. Àwọn ọmọ wa ti mọ bí a ti ń wa bààlúù. Ohun tí ìtàn ń bi wá ni ẹni tí yóò máa kàn án.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àpò aláfẹ́fẹ́ ni a ti yá “bààlúù”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni ohun tí à ń sọ yìí, kò sì sí àpò afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ṣe pàtàkì sí mi jù. Apẹja a máa gbẹ́ ọkọ̀ láti inú igi kan ṣoṣo. Káfíńtà a máa kan àga láti inú ọ̀pọ̀ pátákó. Bí ènìyàn bá wo bààlúù dáradára, yóò rí i pé kíkàn ni a ń kàn án, nítorí pé ègé kéékèèké tí ó pọ̀ jọjọ ni a ń so pọ̀. Ẹni tí ó bá ti ń kan nǹkan mọ̀ pé òun lè yọ ègé kan kúrò, kí òun sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1953, Paul Poberezny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kan bààlúù sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee. Òfin ilẹ̀ náà gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n ó ní àṣẹ tirẹ̀: ẹni tí ó ń kàn án gbọ́dọ̀ ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ fúnra rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ara bààlúù náà pé ohun ìdánwò ni, kí ẹni tí yóò bá a gùn ún lè mọ ohun tí òun ń wọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ irú iṣẹ́ yìí ni Richard VanGrunsven, ará ìpínlẹ̀ Oregon. Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kọ́kọ́ jókòó, kí ó wá ya bààlúù tuntun. Bààlúù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Stits Playboy, tí ẹlòmíràn ti kàn, ni ó rà. Ó rí i pé kò tó òun. Ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi èyí tí ó lágbára jù sí i. Lẹ́yìn náà ó yọ apá rẹ̀, tí ó jẹ́ igi àti aṣọ, tí ọ̀pá sì gbé dúró lábẹ́, ó fi apá alumíníọ́mù tí kò nílò ọ̀pá rọ́pò rẹ̀. Ọdún 1965 ni ó fi èyí fò, ó sì sọ ọ́ ní RV-1, láti inú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni RV-3, tí òun fúnra rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fò. RV-4, oníjòkòó méjì tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, tẹ̀ lé e. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni RV-6 jáde, èyí tí ènìyàn méjì ń jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n sì gbé táyà kékeré tí ó wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ wá sí abẹ́ imú, wọ́n pè é ní RV-6A. Ẹ kíyèsí i bí ọ̀kan ti ń bí èkejì. Títí di òní, bààlúù tí wọ́n ti fi ìwé àwòrán ọkùnrin yìí kàn, tí ó sì ti fò, ju 11,000 lọ káàkiri ayé.

Báwo ni wọ́n ń kàn án? Páànù alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n sì ń fi ìṣó kéékèèké tí a tẹ̀ ní orí méjèèjì dè mọ́ ara wọn. Ìṣó bẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú bààlúù kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó fi ìṣó sí ihò, wọ́n gbọ́dọ̀ ha etí ihò náà títí yóò fi dán, nítorí pé ibi tí ó bá rí ṣákaṣàka ni ìlà yóò ti là nígbà tí apá bá ń gbọ̀n ní òkè. Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ ìṣó yìí ń gbà: ọ̀kan mú òòlù tí afẹ́fẹ́ ń ti, ó wà ní òde, èkejì na ọwọ́ wọ inú apá, ó fi irin wúwo ti ìdí ìṣó náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ibi iṣẹ́ yìí, òwe náà kì í ṣe àfiwé rárá.

Yíyí bààlúù padà tún ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó ru iṣu láti oko Ọyẹ́ wá sí ọjà mọ̀ pé bí ẹrù bá tẹ̀ sí ẹ̀yìn díẹ̀, ọrùn ni yóò sọ fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bààlúù ní ojú kan tí ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dọ́gba. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tí ó wúwo jù sí imú rẹ̀, ojú ìdọ́gba náà yóò yẹ̀ sí iwájú. A ó ní láti gbé nǹkan mìíràn sí ẹ̀yìn. Àwọn irin tí ó di ẹ́ńjìnnì mú yóò sì ní láti lágbára sí i. Àtúnṣe kan a máa fa òmíràn. Nítorí náà ni ìwé ìṣirò fi ṣe pàtàkì ju òòlù lọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, RV-6A dé Kàdúná. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní AIEP, tí àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú wa gbé kalẹ̀ pẹ̀lú àjọṣe ilé-iṣẹ́ Dornier ti ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ará Jámánì kì í ṣe àlejò ní Kàdúná. Àwọn ni ó ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a dá àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú sílẹ̀ ní ọdún 1964. Bulldog, tí a rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, ni àwọn ọmọ ogun fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò fi bààlúù tí a kàn nílé rọ́pò rẹ̀. RV-6A bá ohun tí wọ́n ń wá mu: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, táyà abẹ́ imú sì mú kí ó rọrùn fún ọ̀dọ́ láti balẹ̀. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Lycoming tí ó ní agbára ẹṣin 180 sí i, wọ́n tún un ṣe fún iṣẹ́ ológun, wọ́n sì sọ ọ́ ní Air Beetle, orúkọ irú kòkòrò tí èèpo líle bo ìyẹ́ rẹ̀, ìbátan yímíyímí. 60 ni wọ́n pinnu láti kàn.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà. Àwọn kan ní bààlúù Nàìjíríà ni. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ará Amẹ́ríkà ni ó yà á, ará Jámánì ni ó kọ́ wa ní kíkàn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti òkèèrè wá. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ń ja ìjà tí kò wúlò. VanGrunsven fúnra rẹ̀, bààlúù ẹlòmíràn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kò sì rọ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ rí. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè nípa Air Beetle ni ohun tí ó bí. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé bààlúù kejì tí ó ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Ará Sweden kan, Björn Andreasson, ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Convair ní San Diego ní Amẹ́ríkà. Ní àkókò ìsinmi rẹ̀ ni ó kan bààlúù kékeré kan fún ara rẹ̀, BA-7, tí ó fò ní ọdún 1958. Ó fẹ́ kí awakọ̀ rí òkè àti ẹ̀gbẹ́ kedere, nítorí náà ó gbé apá sí òkè, ó mú ìdí apá náà wá sí ẹ̀yìn ìjókòó. Kí ìwọ̀n má bàa yẹ̀, ó jẹ́ kí apá náà tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí ilà ojú ni ó rí nínú ìdílé yìí. Nígbà tí ó padà sí ilé, ilé-iṣẹ́ kan ní Malmö sọ bààlúù náà di MFI-9.

Ogun abẹ́lé wa ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọlọ́lá ará Sweden tí ó ti ń gbé oúnjẹ lọ sí Biafra, ra MFI-9B márùn-ún. Ẹ́ńjìnnì wọn kò ju agbára ẹṣin 100 lọ. Ní ilẹ̀ Gabon ni wọ́n ti so rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mẹ́fà mọ́ abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 1969, wọ́n kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti dé Benin, Enugu àti ilé iná mànàmáná Ughelli. N kò sọ èyí láti yin ogun. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì, ọgbẹ́ náà kò sì tíì san tán. Mo sọ ọ́ nítorí pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí bààlúù ìgbafẹ́ yìí wà nínú ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ wa, bí a fẹ́ bí a kọ̀.

Ní ọdún 1969 kan náà ni bààlúù tuntun tí Andreasson yà, MFI-15, kọ́kọ́ fò ní Sweden. MFI-17 tẹ̀ lé e, ilẹ̀ Pakistan sì gba àṣẹ láti kàn án ní àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n pè é ní Mushshak. Ègé tí a ti gé tán láti Sweden ni àwọn náà kọ́kọ́ ń tò, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní Kàdúná lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé páànù fúnra wọn, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 260 sí i, ó di Super Mushshak, tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ Saudi Arabia, Turkey àti àwọn mìíràn. Ní ọdún 2016 ni Nàìjíríà náà ra mẹ́wàá, láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀, irú iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kan Air Beetle.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyẹn. RV-6A di RV-7 ní ọdún 2001, ó sì tún bí àwọn mìíràn. Mushshak bí ọmọ. Air Beetle kò bí àbúrò tí ènìyàn ń wà. Ọgbọ́n ọwọ́ ń bẹ ní Kàdúná. Iṣẹ́ kejì tí ìbá mú kí ọgbọ́n náà gbó ni kò sí. Bí àwọn tí ó ha etí ihò, tí wọ́n sì ti ìdí ìṣó, kò bá rí bààlúù kejì kàn, ìmọ̀ inú ọwọ́ wọn yóò bá wọn fẹ̀yìn tì.

Kì í sì í ṣe pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà kú láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, kan hẹlikọ́pítà kan láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Honda Civic àti ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé, bẹ́ẹ̀ ni kò fò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje lọ sókè. Àwọn tí wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà ṣe ohun tí kò tọ́. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ní ni bààlúù ẹlòmíràn tí ó ti fò, tí òun ìbá fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìṣirò rẹ̀ àti ẹnì kan tí yóò ti ìdí ìṣó fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, a kò ní kí ẹ fò ní ọdún tí ń bọ̀. Apá kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń kan bààlúù a máa dojú apá tuntun dé, wọn a gbé e lé orí òpó, wọn a sì máa to àpò iyanrìn lé e lórí díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè wo ibi tí yóò ti tẹ̀ àti ìwọ̀n tí yóò fi ṣẹ́. Wọn a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe èyí láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí ọ̀wọ́ tí ó tẹ̀ lé e sì mú ìwé náà, kí wọ́n tún ibi tí ó ṣẹ́ yà.