Sípù

Ẹnìkan á kó ìwé mẹ́wàá sínú fódà, á ní òun ti sípù wọn. Rárá o. Fódà kàn ń kó nǹkan síbì kan ni. Kì í dín ìwọ̀n wọn kù.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú sípù: ó ń sọ fáìlì púpọ̀ di ẹyọ kan, ó sì ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n má baà gba àyè púpọ̀. Phil Katz, ará Amẹ́ríkà, ló gbé fáìlì sípù (.zip) jáde ní 1989. Bí gbólóhùn kan bá jẹyọ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ìwé, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá fi àmì kékeré tọ́ka sí i níbi yòókù. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń dín kù gan-an, tí fọ́tò JPEG kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: wọ́n ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ lè sọ pé: "Bọ̀dá, ẹ bá mi sípù àwọn ìwé náà kí ẹ tó fi wọ́n ránṣẹ́."

Ẹ má ṣe fi sípù pe dídín tí WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù. Ìyẹn ń ju díẹ̀ nù lára àwòrán, kò sì ní padà wá mọ́. Ohun tí a bá sípù, bí a bá tú u, á pé pérépéré. RAR náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ fáìlì ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá yí orúkọ rẹ̀ sí .zip, RAR ló ṣì jẹ́.