Ogun Ṣòkòtò Péńpé: Camogie Ọdún 2025 ní Írẹ́lándì

Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2025, ikọ̀ àwọn obìnrin Dublin àti ti Kilkenny jáde sí pápá láti gbá camogie. Ìdíje ẹkùn Leinster ni, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ikọ̀ méjèèjì ti fẹnu kò, ṣòkòtò péńpé ni gbogbo wọn wọ̀. Rẹfirí ní kí wọ́n padà lọ pààrọ̀ aṣọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré kò ní wáyé. Wọ́n padà, wọ́n pààrọ̀, wọ́n sì gbá eré náà. Kilkenny ló borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ayò nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré, òfin aṣọ tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún wó lulẹ̀. Ohun tó gbé e ró tó bẹ́ẹ̀, àti ohun tó bì í ṣubú, ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò ka àròkọ yìí má tíì gbọ́ orúkọ camogie rí. Eré àwọn obìnrin Írẹ́lándì ni. Ọ̀pá igi tí orí rẹ̀ tẹ̀, tó sì fẹ̀ pẹrẹsẹ, ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tí awọ bò, tí kò tóbi ju ọsàn lọ. Ti àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní hurling. Góòlù kan jẹ́ àmì mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè igi ìdábùú kọjá láàárín òpó méjèèjì, àmì kan ni. Nítorí náà, bí mo bá kọ 1-14, góòlù kan àti àmì mẹ́rìnlá ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 17. Eré náà yá, ó sì le. Ẹni tó ń sáré, tí ọ̀pá ń fò lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, kò ráyè máa fa aṣọ wálẹ̀.

Àwọn obìnrin inú Conradh na Gaeilge, ẹgbẹ́ tó ń jà kí èdè Írẹ́lándì má bàa kú nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló dá eré yìí sílẹ̀ ní Dublin. Máire Ní Chinnéide àti Cáit Ní Dhonnchadha wà lára wọn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1904, ní ìlú Navan, wọ́n gbá a níṣojú gbogbo èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Craobh an Chéitinnigh na Cúchulainns ní góòlù kan sí òdo. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀ ni wọ́n wọ̀, nítorí pé ohun tí obìnrin ń wọ̀ jáde láyé ìgbà náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Lẹ́yìn ọgọ́fà ọdún, àwọn kan ń pe síkẹ́ẹ̀tì náà ní àṣà tí kò gbọ́dọ̀ parun. Àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀ kò jáde láti gbèjà síkẹ́ẹ̀tì. Pápá ti di ti ọkùnrin, àwọn náà sì fẹ́ gbá. Bí a bá ń wá àṣà wọn, ibẹ̀ ló yẹ ká ti wá a.

Aṣọ náà ń kúrú díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún. Ìgbà kan wá tó jẹ́ gáùn aláìlápá ni, tí wọ́n fi bẹ́líìtì dì nídìí, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ dúdú gígùn. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́rùn Kathleen Mills ti Dublin nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ ìdíje gbogbo Írẹ́lándì lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ọdún 1942 àti 1961. Láti 1948 títí dé 1966, ìdíje mọ́kàndínlógún, Dublin gba méjìdínlógún nínú rẹ̀. Antrim nìkan ló já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ wọn, ní 1956. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé aṣọ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lè dárúkọ Kathleen Mills, ẹnu rẹ̀ yóò sì gbà á. Èsì tèmi ni pé ẹni tó fi agbè jíjò pọnmi kún ìkòkò, òun ló yẹ ká yìn, kì í ṣe agbè.

Ẹ tún wo ọdún 1989. Kilkenny ń bá Cork wọ̀yá ìjà ní àṣekágbá. Angela Downey wà nínú ikọ̀ Kilkenny, òun àti Ann, ìkejì rẹ̀, nítorí ìbejì ni wọ́n. Angela gba bọ́ọ̀lù, ó kọjú sí ilé Cork, ẹnìkan sì dì í mú láti ẹ̀yìn kó má bàa lọ. Síkẹ́ẹ̀tì já kúrò nídìí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò dúró, kò wẹ̀yìn, ó ń sáré lọ títí ó fi gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, lẹ́yìn náà ló tó padà lọ wá aṣọ rẹ̀. Kilkenny gba ife náà, ìkarùn-ún nínú méje tí wọ́n gbà léraléra láti 1985 sí 1991. Títí di òní ni wọ́n ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín ní Írẹ́lándì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ṣòkòtò ló wọ̀, góòlù nìkan ni à bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, síkọ́ọ̀tì dé. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, síkẹ́ẹ̀tì ni. Ṣòkòtò kékeré ni wọ́n rán mọ́ ọn nínú. Ìwé òfin ní òun tàbí síkẹ́ẹ̀tì ni obìnrin gbọ́dọ̀ wọ̀ gbá camogie. Kì í ṣe àjọ àwọn ọkùnrin ló ṣe òfin náà fún wọn. Inú ìwé àjọ camogie fúnra rẹ̀ ló wà, èyí ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ṣòkòtò péńpé ni àwọn òṣèré fi ń ṣe ìgbáradì ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ìdíje gan-an ni wọ́n ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic ti àwọn obìnrin, ṣòkòtò péńpé ni yóò wọ̀ níbẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì ni aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ eré ìdárayá ṣòkòtò ni wọ́n ní ká wọ̀, n kò sì rí ẹni tó bi wá léèrè àṣà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àbá láti fàyè gba ṣòkòtò péńpé dé iwájú ìpàdé àpapọ̀ àjọ náà, ìbò sì dà á nù. Àbá tó bá ṣubú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wá títí di ọdún 2027. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré wá bi àwọn tó ń gbá eré náà fún ẹkùn wọn léèrè: 70 nínú 100 ní síkọ́ọ̀tì ń ni wọ́n lára, 83 nínú 100 sì ní kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú yan èyí tó wù ú. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n béèrè. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sun síkọ́ọ̀tì níná.

Ìdíje líìgì ọdún 2025 kọjá ní ìgbà ìrúwé. Cork ló gba ife rẹ̀ mọ́ Galway lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni mo ti ròyìn. N kò dá rẹfirí lẹ́bi, ohun tó wà nínú ìwé ló tẹ̀ lé. Aisling Maher, balógun ikọ̀ Dublin, kọ ọ́ sí orí ìkànnì rẹ̀ lẹ́yìn eré pé ọ̀rọ̀ náà ti sú òun. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Cork àti Waterford tí wọ́n fẹ́ gbá àṣekágbá ẹkùn Munster ní ṣòkòtò péńpé ni àwọn náà yóò wọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré ni àjọ sún un síwájú. Àwọn tí kò ráyè gba ara wọn láyè lórí pápá, ọ̀rọ̀ aṣọ sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, àjọ ṣe ìpàdé àkànṣe ní Croke Park. Wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ náà di 2027, wọ́n sì dìbò lé e lórí ní 2025. 98 nínú 100 ló fọwọ́ sí i pé kí oníkálukú wọ ṣòkòtò péńpé tàbí síkọ́ọ̀tì, bó bá ṣe wù ú. Kò sí ohun tí ìpàdé náà gbọ́ tí ti 2024 kò lè gbọ́: aṣọ ń ni wá lára, ẹ jẹ́ ká yàn. Ní 2024, orí ìwé ni ìbéèrè náà wà. Ní 2025, àwọn òṣèré wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n sì mú kó dá àwọn àgbààgbà lójú pé bí a kò bá yí òfin padà, eré gan-an ni yóò dúró. Àwọn kan sọ pé wọ́n fi agídí gbà á. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ fi sùúrù béèrè, tí wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò yẹ lẹ́ni à ń pè ní alágídí.

Ìdíje ń bá a lọ, ẹnikẹ́ni kò sì tún dá òṣèré padà nítorí ṣòkòtò. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, Cork àti Galway tún pàdé ní Croke Park, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ife O'Duffy. Cork ti gbà á ní 2023 àti 2024, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́ta. Eré náà le títí àkókò fi ń tán lọ, tí àmì àwọn méjèèjì ṣì dọ́gba. Carrie Dolan ti Galway dúró ti bọ́ọ̀lù, ó gbé ọ̀pá sókè, ó gbá a, ó sì gba òkè igi ìdábùú kọjá. 1-14 sí 1-13. Ìkarùn-ún tí Galway gba ife náà nìyẹn.