Tribune: Ìwé Ìròyìn Tí Kò Kú Nígbà Tí Ẹni Tó Dá A Sílẹ̀ Wà Lẹ́wọ̀n

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí.

Lánàá, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Challenge, mo ra Nigerian Tribune lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ kan. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé àwọn èèyàn ṣì ń ra bébà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bébà yìí dàgbà jù mí lọ o."

Òótọ́ ni. November 16, 1949 ló kọ́kọ́ jáde, níbí ní Ìbàdàn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń ṣe lọ́yà nígbà náà, ló dá a sílẹ̀. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Míṣọ́nárì CMS kan, Henry Townsend, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ṣùgbọ́n ní 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ìwé náà sì parí.

Ti Tribune ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10, wọ́n ní ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Lateef Jákàńdè, tó di ọ̀gá àwọn olóòtú Tribune ní 1956, náà ṣẹ̀wọ̀n nínú ẹjọ́ yẹn. Ká ní ẹ̀yin lẹ ń ta ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀ nígbà náà, ṣé ẹ ò ní sọ pé ó ti tán?

Kò tán. Àwọn tó kù gbé iṣẹ́ náà rù. Ní 1964, ìjọba Western Region dá Daily Sketch sílẹ̀ nílùú yìí kan náà, owó ìjọba sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, Sketch ti di ìtàn. Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, Màmá H.I.D., ìyàwó rẹ̀, ṣe alága ilé iṣẹ́ náà títí dọjọ́ ogbó. Tribune ṣì ń jáde láti Ìmàlefàlàáfíà, Òkè-Àdó. Kò sí ìwé ìròyìn aládàáni kankan ní Nàìjíríà tó pẹ́ tó o.

Mi ò sọ pé kò ní àbùkù. Ẹ̀yìn Action Group ló wà, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì máa ń gbè sí. Ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti gbọ́ tẹnu ìhà kejì. Ṣùgbọ́n ìfaradà wọn kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ẹ rántí Jeremáyà orí 36. Ọba Jèhóíákímù fi ọ̀bẹ gé ìwé wòlíì, ó jù ú síná. Bárúkù tún jókòó, ó kọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ mọ ìwé kékeré tí ìjọ wa ń gbé jáde lóṣooṣù. Mo ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé náà ò sì jáde mọ́ títí dòní. Ẹ̀bi mi ni. Èmi nìkan ló ń kọ ọ́, èmi nìkan ló mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún wa ní Agbowó. Mo pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run, àmọ́ mo ń ṣe é bíi pé tèmi ni.

Ìwọ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù rẹ, ẹgbẹ́ akọrin rẹ, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe bí o ò bá sí níbẹ̀?

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ní Sátidé, mo ń wá ẹni mẹ́ta tó máa gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín.