Asọ̀rọ̀mágbèsì Tó Ń Gba Èsì: Ìtàn Rédíò WLNG

Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ gbọ́ rédíò ló sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ ohun tí a fẹ́ fi dá a lóhùn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan wà ní ìlú Sag Harbor, ní erékùṣù Long Island ní ìpínlẹ̀ New York, tí ìtàn rẹ̀ fi hàn pé gbígba èsì gan-an ló ń mú kí rédíò pẹ́ láyé.

Sag Harbor kì í ṣe ìlú ńlá. Ọdẹ ẹja àbùùbùtán ló sọ èbúté rẹ̀ di olókìkí láyé àtijọ́. Lónìí, àwọn olùgbé ibẹ̀ kò tó 3,000. Níbẹ̀ ni WLNG ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí AM ní ọdún 1963. Ní ọdún 1964 ni Paul Sidney dé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wá di ọ̀gá níbẹ̀, tí kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ní ọdún 1969 ni wọ́n bọ́ sórí FM, ní 92.1.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi orin tuntun lé ti àtijọ́ lọ, WLNG di tirẹ̀ mú. Orin tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ jó nígbà èwe wọn ló ń gbé sáfẹ́fẹ́. Kódà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sí sítẹ́rìó, ó takú sórí mónò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n orin nìkan kọ́ ló fi di ààyò ìlú. Ẹni tó fẹ́ ta àga tàbí ọkọ̀ ojú omi á tẹ̀ wọ́n láago, á sì polówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n ń kéde ọjọ́ ìbí, wọ́n ń kéde òkú. Sidney a máa gbé bọ́ọ̀sì rédíò lọ sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ àti síbi ayẹyẹ, á na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹni tó bá ń kọjá. Bí ìjì bá dìde láti òkun, àwọn ará ìlú mọ ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò yí rédíò wọn sí.

Ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó mú gbèdéke kúrò lórí iye ilé-iṣẹ́ rédíò tí olówó kan lè ní jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ tí Clear Channel nìkan fi ní ju 1,000 lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ níbi tó jìnnà ló rọ́pò ti ọmọ ìlú.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2002, ọkọ̀ ojú irin tó kó amóníà dànù nítòsí ìlú Minot ní North Dakota. Ọkùnrin kan kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa. Clear Channel ló ni ilé-iṣẹ́ rédíò mẹ́fà ní ìlú náà, síbẹ̀ ìkìlọ̀ kò tètè dé etí ará ìlú. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn pe rédíò, àwọn kò rí ẹni dá àwọn lóhùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ìkìlọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹnikẹ́ni ìbáà jẹ̀bi, àwọn ará Minot ló jìyà rẹ̀.

Àwa náà mọ adùn rédíò tó ń kéde òkú, ọmọ tó sọnù àti ẹran tó jẹ lọ. Ká má ṣe fojú tín-ínrín irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lè máa kọrin fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n bí ewu bá dé lóru, ènìyàn ni yóò gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.